Àtúpalẹ̀ Ìjìnlẹ̀ Lórí Tokelau, Ilẹ̀ Tí Kò Ní Olú-ìlú

Nínú ìwé ìmọ̀ nípa ayé, àwọn òǹkọ̀wé a máa to orílẹ̀-èdè àti agbègbè sínú tábìlì: olú-ìlú, ìwọ̀n ilẹ̀, òkè tó ga jù, odò tó gùn jù, pápákọ̀ òfurufú. Bí ojú wa bá kan orúkọ Tokelau, "kò sí" ni a óò máa kà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí olú-ìlú. Kò sí òkè. Kò sí odò. Kò sí pápákọ̀ òfurufú. Kò sí èbúté tí ọkọ̀ ńlá lè gúnlẹ̀ sí. Èrò tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níhìn-ín ni pé tábìlì náà ló ní àbùkù, Tokelau kò ní. Ẹni tó bá fi ilẹ̀ àti ilé wọn ibẹ̀ yóò pè é ní òfìfo. Ẹni tó bá bèèrè bí wọ́n ṣe ń pín ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni yóò rí ètò ìlú tó kún, tó jinlẹ̀, tó sì ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó kankan tó fi ọkọ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń sọ. Tokelau wà nínú òkun Pàsífíìkì, nǹkan bí 500 kìlómítà sí àríwá Samoa. Erékùṣù oníyùn mẹ́ta ló para pọ̀ jẹ́ ẹ: Atafu ní àríwá, Nukunonu láàárín, Fakaofo ní gúúsù. Bí a bá kó gbogbo ilẹ̀ wọn jọ, kò ju nǹkan bí 12 kìlómítà níbùú-lóròó lọ, àwọn tó sì ń gbé orí rẹ̀ tó nǹkan bí 1,500. Ṣùgbọ́n omi òkun tí òfin àgbáyé kà mọ́ wọn lọ́wọ́ ju 300,000 kìlómítà níbùú-lóròó lọ. Ìyẹn ni pé, fún ìwọ̀n ilẹ̀ kan, wọ́n ní ìwọ̀n omi bí 25,000. Láti Atafu dé Nukunonu lé ní 90 kìlómítà. Láti Nukunonu dé Fakaofo lé ní 60. Abẹ́ New Zealand ni Tokelau wà, ọmọ orílẹ̀-èdè New Zealand ni àwọn ará ibẹ̀, dọ́là New Zealand sì ni wọ́n ń ná.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ olú-ìlú. Àwọn mìíràn rò pé Tokelau kò ní olú-ìlú nítorí pé ó kéré. Èyí kò lè jẹ́ ìdí. Niue kò ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ènìyàn lọ, ó sì ní olú-ìlú. Ìdí gan-an ni pé erékùṣù kọ̀ọ̀kan ń ṣe àkóso ara rẹ̀. Ìgbìmọ̀ àgbà tí wọ́n ń pè ní taupulega ló ni àṣẹ ní erékùṣù kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n sì ṣe ń di ọmọ ìgbìmọ̀ náà yàtọ̀ láti ibì kan sí èkejì. Àwọn ará ìlú a máa dìbò yan ẹni méjì ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta: faipule, tó ń ṣojú wọn sí ìta, àti pulenuku, tó ń bójú tó iṣẹ́ inú ìlú. Àwọn faipule mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gba ipò olórí gbogbo Tokelau láàárín ara wọn. Orúkọ oyè náà ni Ulu-o-Tokelau, ọdún kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò níbẹ̀, kó tó kàn ẹlòmíràn. Erékùṣù ẹni tó bá wà lórí oyè ni ibùjókòó ìjọba ń lọ. Bí ọdún bá yí, ibùjókòó náà a ṣí.

Nítorí náà, ìdáhùn tó péye sí ìbéèrè "níbo ni olú-ìlú Tokelau?" ni pé, ẹ jọ̀wọ́, ọdún wo lẹ ń bèèrè? A tún gbọ́dọ̀ fi kún un pé ọ́fíìsì kan tó ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba náà ti wà ní Apia láti ọjọ́ pípẹ́, ìyẹn ní orílẹ̀-èdè Samoa, ilẹ̀ ẹlòmíràn pátápátá, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń gbéra. Aṣojú tí New Zealand yàn láti máa mójú tó Tokelau sì jókòó sí Wellington. Láti 1994 ni ọ̀pọ̀ agbára rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ General Fono, àpéjọ àwọn aṣojú erékùṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní 1996, òfin New Zealand fún àpéjọ náà láyè láti máa ṣe òfin tirẹ̀. Mi ò ní fi pa mọ́ pé ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ àgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn obìnrin ní ẹgbẹ́ tiwọn ní erékùṣù kọ̀ọ̀kan, fatupaepae, tí ohùn rẹ̀ ń ká ìlú. Ibi tí ètò náà kù sí nìyẹn, ó sì yẹ kí onímọ̀ sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ òkè àti odò kò gba àlàyé púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó fà á dára í mọ̀. Charles Darwin ló ṣàlàyé ní 1842 bí irú erékùṣù yìí ṣe ń wáyé. Òkè ayọnáyèéfín kan yọ láti ìsàlẹ̀ òkun, iyùn hù yí i ká ní etí omi. Bí òkè náà ti ń rì díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iyùn ń mọ sókè, torí pé kò lè gbé ibi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò dé. Nígbẹ̀yìn òkè á rì tán, yóò wá ku òrùka iyùn àti ọ̀sà láàárín rẹ̀. Ọdún 1952 ni wọ́n tó gbẹ́ ihò sí erékùṣù Enewetak, níbòmíràn nínú Pàsífíìkì kan náà, tí wọ́n sì bá òkúta òkè ayọnáyèéfín nísàlẹ̀ iyùn tó nípọn ju 1,200 mítà lọ. Darwin ti kú ní 70 ọdún ṣáájú ìgbà náà. Òkè Tokelau wà, nígbà náà. Abẹ́ omi ló wà. Ohun tí àwọn ènìyàn ń gbé lórí rẹ̀ ni àwọn erékùṣù tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò yí ọ̀sà ká bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Ibi tó ga jù nínú gbogbo rẹ̀ kò ju mítà márùn-ún lọ.

Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, òjò ni odò. Òrùlé ni wọ́n fi ń gbe omi òjò sínú táńkì. Èyí tó bá rì sínú iyanrìn a léfòó lórí omi iyọ̀ tó wà nísàlẹ̀, torí pé omi tútù fúyẹ́ ju omi iyọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dá bá pẹ́, iyọ̀ á gòkè. Ní 2011, ọ̀dá mú débi pé wọ́n kéde ipò pàjáwìrì, ọkọ̀ sì gbé omi mímu wá láti òkèèrè. Àgbọn ń ṣe dáadáa níbẹ̀, gbẹ̀rẹ̀fútù náà ń so. Kókò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní pulaka ni wọ́n ń gbìn sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ títí tó fi kan omi tútù, tí wọ́n sì ń fi ewé tó jẹrà bọ́, ọdún lé ọdún. Igi kanava ni wọ́n ń gbẹ́ sí ọkọ̀. Ẹran ọ̀sìn wọn ni ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ. Ọ̀pọ̀ ohun yòókù, inú omi ló ti ń jáde.

Níbí ni a ti dé ọkàn ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ètò inati. Bí àwọn ọkùnrin bá jọ lọ pẹja fún ìlú, ẹja tí wọ́n kó bọ̀ kì í ṣe ti ẹni tó mú un. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ojú kan ní etí omi. Àwọn tí ìlú yàn fún ìpín, orúkọ wọn ni tauvaega, á wo iye ẹja, wọ́n á wo iye orí tó wà nínú agbo ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì pín in. Ẹja ńlá, wọ́n á gé e. Ẹni tó pẹja gba tirẹ̀. Ẹni tí kò lè wọ ọkọ̀ mọ́ nítorí ọjọ́ orí gba tirẹ̀. Opó gba tirẹ̀, aláìsàn gba tirẹ̀, ọmọ ọwọ́ tí kò tíì ní eyín ní ẹja tó ń jẹ́ tirẹ̀ nínú ìpín ilé wọn. Orí ènìyàn ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka òógùn rẹ̀. Àwọn ohun kan sì wà, bí ìjàpá òkun, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé wọlé fún ara rẹ̀ nìkan, bó ti wù kó dá nìkan mú un tó. Ti ìlú ni.

A lè bi ara wa pé, ṣé sàráà kọ́ nìyí? Mo ní rárá. Ẹni tó ń ṣe sàráà lè ṣe é lónìí kó má ṣe é lọ́la, ọkàn ẹni tó ní ni ọ̀rọ̀ náà wà. Inati kì í wo ọkàn ẹnikẹ́ni. Ẹ̀tọ́ ni, ó sì ní àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀, ó ní ìlànà ìṣirò tirẹ̀, gbogbo ìlú ló ń wò ó bó ṣe ń lọ. Ó tún bá ọgbọ́n mu. Lórí ilẹ̀ tí oko kò tó nǹkan, oríire nínú òkun kì í dọ́gba; apẹja tó rí ẹja púpọ̀ lónìí lè máa padà lọ́wọ́ òfo fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣáájú ìgbà tí fìríìjì dé, ẹja tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹnì kan yóò bàjẹ́ lójú oòrùn, èyí tó bá sì wà nínú ikùn aládùúgbò rẹ̀ yóò padà wá nígbà tí ọwọ́ aládùúgbò bá kún. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé tó ń wá ètò tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn lébi. Èyí wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, 1,500 ènìyàn ló sì ń lò ó.

Nígbà tí iṣẹ́ ìjọba olówó oṣù dé, ìdánwò ńlá ló jẹ́. Owó oṣù kò ṣe é kó sí etí omi kí a kà á fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń gba owó ìjọba wà ní ọ́fíìsì nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ìlú lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń gba ìpín ẹja pẹ̀lú wọn. Àwọn àgbà jókòó lé e. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n wá ọ̀nà tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìlú náà yóò fi máa gba owó díẹ̀, nígbà tó sì yá, ìgbìmọ̀ àgbà gba àkóso àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní erékùṣù wọn. Wọ́n pín owó pẹ̀lú, lọ́nà tí owó gbà.

Ti èbúté ńkọ́? Láti Apia, ó máa ń gba ọkọ̀ ju ọjọ́ kan lọ kó tó dé. Bó bá dé, kò ní lè wọlé. Ojú òkun ni yóò dúró, àwọn ọkọ̀ kéékèèké á gba àárín iyùn jáde lọ kó èrò àti ẹrù, bí ìgbì bá sì le, ẹ̀rù yóò ba ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà náà ti pa ènìyàn. Ní Oṣù Kẹwàá 1955, ọkọ̀ Joyita gbéra ní Apia, ó ń lọ sí Tokelau pẹ̀lú ènìyàn 25. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ọkọ̀ náà tó ń léfòó, kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀, a kò sì rí wọn títí di òní. Ní 2010, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta gbéra ní Atafu nínú ọkọ̀ kékeré, omi sì gbé wọn lọ. Wọ́n ti ṣe ìsìn ìrántí fún wọn nílé nígbà tí ọkọ̀ apẹja kan rí wọn lẹ́bàá Fiji, lẹ́yìn 50 ọjọ́, láàyè. Ọlọ́run ṣeun fún ti àwọn yẹn.

Àwọn tó wá láti òkèèrè kò tíì jẹ́ ìbùkún fún wọn nígbà gbogbo. John Byron, ará Gẹ̀ẹ́sì, kọjá ní Atafu ní 1765, kò rí ènìyàn, ó fún un ní orúkọ ọmọ ọba ilẹ̀ rẹ̀. Edward Edwards dé Nukunonu ní 1791, nígbà tó ń wá àwọn ọlọ̀tẹ̀ inú ọkọ̀ Bounty. Ní 1841, ọkọ̀ ìwádìí ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé Fakaofo. Wọ́n fún àwọn erékùṣù náà lórúkọ tiwọn, wọ́n sì lọ, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ní 1863, àwọn akónilẹ́rú láti Peru dé. Wọ́n kó nǹkan bí 250 ènìyàn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo ìlú, pàápàá àwọn ọkùnrin tó lágbára. Ẹni tó padà wálé fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ọdún tí à ń wí yìí, àwọn ọmọ Yorùbá ṣì ń ṣe ẹrú nínú oko ìrèké ní Cuba, kò sì sí ìdí tí òǹkàwé wa yóò fi nílò kí a ṣàlàyé fún un ohun tí ó jẹ́ fún ìlú láti jí ní òwúrọ̀ kan kó má rí àwọn ọkùnrin rẹ̀ mọ́. Ẹ rántí pé àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ni apẹja. Àwọn tó ṣẹ́kù tún ìlú ṣe, wọ́n sì tún ìpín ṣe.

Àárín ọ̀rúndún yẹn náà ni ẹ̀sìn Kristi dé láti Samoa: Nukunonu di Kátólíìkì, Atafu gba ti Pùròtẹ́sítáǹtì, Fakaofo gba méjèèjì. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba wọ́n sí abẹ́ ààbò ní 1889, wọ́n so wọ́n mọ́ àwọn erékùṣù Gilbert àti Ellice ní 1916, wọ́n gbé wọn fún New Zealand láti máa bójú tó ní 1926, wọ́n sì di ara ilẹ̀ New Zealand ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949. Erékùṣù kẹrin wà tẹ́lẹ̀, Olohega, tí àwọn mìíràn ń pè ní Swains. Ará Amẹ́ríkà kan ló tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1856, àwọn ọmọ rẹ̀ sì jogún oko àgbọn ibẹ̀. Amẹ́ríkà fi kún Samoa tiwọn ní 1925. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní 1980, Amẹ́ríkà sọ pé òun kò sọ erékùṣù mẹ́ta yòókù di tòun mọ́, Olohega sì bọ́ lọ́wọ́ Tokelau. Lójú tèmi, ìpín yẹn kò tọ́. Àwọn àgbàlagbà Tokelau ṣì ń dárúkọ rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ wọn.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Tokelau kò sí nílé. Lẹ́yìn ìjì ńlá 1966, New Zealand bẹ̀rẹ̀ ètò láti kó àwọn ìdílé lọ sí ọ̀dọ̀ ara wọn. Lónìí, àwọn tó wà níbẹ̀, pàápàá ní Porirua àti àyíká Wellington, pọ̀ ju àwọn tó wà nílé lọ ní ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Opetaia Foa'i, olórin tí ayé gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú sinimá Moana, ọmọ wọn ni nípa ti baba. Èdè Tokelau wà lára èyí tó fi kọrin níbẹ̀.

Àwọn ohun ìgbàlódé pẹ́ kí wọ́n tó dé. Ọdún 1997 ni tẹlifóònù dé. Kò pẹ́ sí i, ilé-iṣẹ́ kan ní Netherlands bá wọn ṣe àdéhùn lórí .tk, àmì tí íntánẹ́ẹ̀tì yàn fún Tokelau, ó sì ń pín orúkọ náà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ní àsìkò kan, orúkọ tó parí sí .tk ju mílíọ̀nù ogún lọ. Àwọn gbájú-ẹ̀ pọ̀ nínú àwọn tó gbà á, orúkọ ìlú tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni sì di èyí tí kọ̀ǹpútà ń fura sí. Ní 2023, wọ́n dáwọ́ ìpín náà dúró. Ẹ wo ìyàtọ̀: ìpín tí kò ka orí, tí kò mọ ẹni tó ń gbà, kì í ṣe inati. Owó tó ń wọlé fún wọn dáadáa jù nílé ni èyí tí àwọn ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ń san kí wọ́n tó pẹja tuna nínú omi wọn, ìrànlọ́wọ́ New Zealand sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní ìparí 2011, Tokelau bá Samoa fo 30 Oṣù Kejìlá, kí ọjọ́ tiwọn lè bá ti New Zealand dọ́gba. Ní 2012, wọ́n to pánẹ́ẹ̀lì sólà 4,032 àti bátìrì 1,344 sí erékùṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ó tó di ìgbà náà, wọ́n ń sun nǹkan bí 200 lítà epo dísẹ́ẹ̀lì lójúmọ́, ọkọ̀ ló sì ń gbé e wá. Kò sí ibì kan tó ṣáájú wọn nínú fífi oòrùn ṣe iná mànàmáná fún gbogbo ìlú. Ètò náà kò sì ní ibùdó kan ṣoṣo: erékùṣù kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kọ̀ọ̀kan ṣe ní ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn tirẹ̀.

Ó ku ìbò. Ní Oṣù Kejì 2006, wọ́n bi àwọn ará Tokelau bóyá wọ́n fẹ́ máa ṣe ìjọba ara wọn ní àjọṣe pẹ̀lú New Zealand, bí Cook Islands àti Niue ti ń ṣe. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ìbò "bẹ́ẹ̀ ni" gbọ́dọ̀ pé. Ó jẹ́ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n tún dìbò ní Oṣù Kẹwàá 2007: ènìyàn 692 dìbò, 446 sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìbò 16 péré ló kù. Àwọn kan níta pè é ní ìkùnà, pé ó lé ní ìdajì lẹ́ẹ̀mejèèjì, pé níbòmíràn wọn ì bá ti ta àsíá. Mi ò gbà. Ìlú tó ń ka ọmọ ọwọ́ mọ́ ìpín ẹja kò lè fi ìdajì àti díẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lé àwọn yòókù lórí. Kò sẹ́ni tó dá ẹ̀sùn èrú sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ju òkúta. Ní 2008, àwọn àgbà pinnu pé kí ọ̀rọ̀ náà sinmi ná, kí wọ́n tún ilé-ìwé, ilé ìwòsàn àti ọkọ̀ ṣe. Títí di òní, Tokelau wà lára agbègbè 17 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kà sí èyí tí kò tíì máa ṣe ìjọba ara rẹ̀, ọjọ́ tí wọn yóò bá tún dìbò, àwọn fúnra wọn ni yóò mú un.